Kí ni kí n sọ pé ó ń ṣe ọmọ mi?

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ Ìyá Àlàbí, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún mẹ́rin lóṣù tó kọjá. Kò tíì sọ̀rọ̀ tó yéni. Ó máa ń to ìdérí mínírà sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí bẹ́ẹ̀dì, bí ẹ bá yẹ ẹyọ kan kúrò ńbẹ̀, ẹ ti dáràn. Dókítà ní autism ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bí màá ṣe máa sọ ọ́ fáwọn èèyàn. Níbi ìsọmọlórúkọ kan lọ́sẹ̀ tó lọ, àǹtí ọkọ mi bi mí níwájú gbogbo ilé pé, "Kí ló ń ṣe ọmọ yìí gan-an?" Kí n tó lanu, màmá àgbà kan ti bá mi dáhùn: "Ẹ ò rí i ni? Ọmọ ẹgbẹ́ ni." Aboyún tó jókòó tì mí fọwọ́ pa ikùn rẹ̀, ó dìde, ó lọ jókòó síbòmíràn. Ọkọ mi ní kí n má kà á sí, pé ọ̀rọ̀ ẹnu ò lè dá ọgbẹ́ síni lára. Ṣé òótọ́ ló sọ? Kí ni kí n máa pè é ní Yorùbá? Ṣé àrùn ni kí n pè é?

* * *

Ìyá Àlàbí, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń kí yín ní kíkí mìíràn. Màá padà sórí ìyẹn.

Kí ẹ mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀: èmi kì í ṣe dókítà. Aṣọ ni mò ń rán, Òkè-Àdó níbí n'Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Àbúrò tó tẹ̀lé mi ló ní autism. Ọdún 1996 ni wọ́n bí i. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Àkànní, oríkì rẹ̀ nìyẹn. Látìgbà tí ìyá wa ti kú, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé.

Ẹ wo ìbéèrè tí àǹtí ọkọ yín bi yín dáadáa. "Kí ló ń ṣe é?" Ibà ló ń ṣe èèyàn. Inú rírun ló ń ṣe èèyàn. Ohun tó bá ń ṣe èèyàn, ó yẹ kó ṣe é tán kó lọ. Bí ẹ bá wá dáhùn pé "autism ló ń ṣe é", ẹ ti gba ìbéèrè mìíràn láyè nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n á ní, "Ṣé ó ti ń gbádùn?" Lóṣù tó ń bọ̀, "Àbí kò tíì gbádùn ni?" Tó bá fi máa di ọdún kan, ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tó gbé aláìsàn pamọ́ sílé, tí kò gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti wò ó sàn, ni wọ́n á máa fi wò yín. Ọjọ́ ayé ìyá mi ló fi dáhùn "ṣé ó ti ń gbádùn" yẹn.

Nítorí náà èmi ò kì í sọ pé ó ń ṣe é. Mo máa ń sọ pé: "Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Autism ni wọ́n ń pè é. Ọ̀nà tí ọpọlọ tiẹ̀ ń gbà ṣiṣẹ́ yàtọ̀." Mo sì máa ń gbọ́ "àrùn autism" lórí rédíò. Inú mi kì í dùn sí i, àmọ́ mi ò lè máa bá gbogbo olóòtú ètò jà.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Kì í ṣe pé kò sí wàhálà níbẹ̀. Àkànní ní wárápá pẹ̀lú, ó wọ́pọ̀ káwọn méjèèjì jọ rìn. Wárápá yẹn ni àrùn. Ó ń lo oògùn sí i láràárọ̀, oògùn ọ̀hún sì ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí dókítà la àwọn méjèèjì fún mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni ara tù mí. Èyí tó yẹ kí n wá oògùn sí, mo wá a. Èyí tó kù, Àkànní ni.

* * *

Èsì yín ti pọ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n máa dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó sọ pé fóònù ló ń fà á, pé àrùn ayé òde òní ni: ọdún 2001 ni GSM dé Nàìjíríà. Àkànní ti lé lọ́dún mẹ́rin nígbà yẹn. Kò sí fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nílé wa. Ọmọrí ìkòkò ló máa ń fi yí nílẹ̀ látàárọ̀.

Lọ́dún 1943 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Leo Kanner, ní Baltimore l'Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ 11 tí ìwà wọn jọra. Ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn, Donald Triplett, òun náà fẹ́ràn kó máa fi nǹkan yí. Kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó dàgbà, ó ṣiṣẹ́ ní báǹkì nílùú kékeré tí wọ́n bí i sí ní Mississippi, ó ń gbá góòfù, ó rin ìrìn àjò káàkiri. Ọdún 2023 ló kú, ẹni ọdún 89. Nínú gbogbo ohun tí mo kà nípa ọ̀rọ̀ yìí, òun ni mo máa ń sọ fáwọn ìyá tó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, torí pé ohun tí wọ́n máa ń fẹ́ mọ̀ gan-an kò ju "ṣé ó máa dàgbà" lọ.

Orúkọ yẹn fúnra rẹ̀ ò sì pé. Látinú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú un, "ara ẹni" ló túmọ̀ sí. Dókítà ará Switzerland kan, Eugen Bleuler, ló dá a sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1911, fáwọn aláìsàn ọpọlọ tó ti kúrò láàárín èèyàn wọnú ara wọn. Kì í ṣe irú àwọn ọmọ wọ̀nyí ló ní lọ́kàn rárá. Aṣọ ẹlòmíràn ni wọ́n gbé wọ̀ wọ́n.

* * *

Bọ̀dá tó ní ká má da ara wa láàmú, pé ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ ò lè mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa òun, pé òbí ló ń gba ọ̀rọ̀ sára: ẹ wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kan.

Àkànní kì í sọ̀rọ̀ bíi tiwa. Ọ̀rọ̀ tó bá gbọ́ ló máa ń dá padà bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ohùn ẹni tó sọ ọ́. Ó lè jẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó lè di ọdún kejì. Òun ló ń bójú tó òwú ní ṣọ́ọ̀bù. Bí oníbàárà bá mú aṣọ wá, màá na etí aṣọ sí i, á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á lọ mú òwú tó bá a mu wá. Kì í ṣì í. Búlúù tí èmi rí bí ẹyọ kan, mẹ́fà ni lójú tiẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan kó léèsì wá, aṣọ olówó ńlá. Ó rí Àkànní tó fọwọ́ kan etí rẹ̀, ló bá figbe ta: "Ẹ gba aṣọ mi lọ́wọ́ dìndìnrìn yìí kó má bà á jẹ́ o!" Àkànní ò gbin. Ó gbé aṣọ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó padà sídìí òwú rẹ̀. Èmi náà, kí n má purọ́, owó iṣẹ́ ni mò ń rò. Mo rẹ́rìn-ín.

Lóru ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ ohùn obìnrin náà nínú yàrá Àkànní. "Ẹ gba aṣọ mi lọ́wọ́ dìndìnrìn yìí." Mo sáré dìde. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì nínú òkùnkùn, ó ń fọwọ́ gbá itan ara rẹ̀. Òru mẹ́ta gbáko. Lóru kẹta ni mo tó gbọ́ ọ yé pé lẹ́yìn gbólóhùn yẹn, ẹ̀rín kan máa ń tẹ̀lé e. Ẹ̀rín tèmi ni.

Ìyá Àlàbí, ẹ sọ ìyẹn fún ọkọ yín tó bá tún ní ọ̀rọ̀ ò lè dá ọgbẹ́ síni lára.

* * *

Àwọn tó ń béèrè kíkí tí mo ní màá padà sórí rẹ̀: "Ẹ kú ìrọ́jú" ni.

Látìgbà tí Àkànní ti wà ní kékeré, kò sẹ́ni tó wọ ilé wa tí kì í kí ìyá wa bẹ́ẹ̀. Ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ kú àmúmọ́ra. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ìfẹ́ ló mú wọn sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kíkí ọlọ́fọ̀ ni, ẹni tí wọ́n sì ń tìtorí rẹ̀ kí ọ̀fọ̀ náà wà láàyè, ó jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ gúgúrú. Ẹnì kan tóun náà ní autism, Jim Sinclair, bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ ní Toronto lọ́dún 1993, ohun tó sì ń bẹ̀ wọ́n fún nìyẹn: kí wọ́n yé ṣọ̀fọ̀ nítorí àwọn. Ìyá mi ò gbọ́ orúkọ ẹni yẹn rí, àmọ́ kíkí yẹn ti sú òun náà.

Àkànní wá gbọ́ ọ títí ó fi gbà pé báyìí la ṣe ń kí àlejò nílé wa. Nígbà tí àbúrò bàbá wa gbéyàwó, tí wọ́n mú ìyàwó wọlé tìlùtìlù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fomi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tán lẹ́nu ọ̀nà ni Àkànní yọ síta, ó dúró níwájú ìyàwó, ó ní: "Ẹ kú ìrọ́jú o. Ọlọ́run á tù yín nínú." Ìlù dákẹ́. Ìyàwó bú sẹ́kún. Ìyá ìyàwó ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Ìyá mi sáré wọ ilé ìdáná, mo tẹ̀ lé e torí mo rò pé ẹkún ló fẹ́ sun. Ẹ̀rín ni mo bá a tó ń rín, ó fi ìborùn bo ẹnu, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyàwó yẹn sọ fún mi nígbẹ̀yìn pé kò sẹ́ni tó kí òun lóòótọ́ lọ́jọ́ yẹn bíi Àkànní. Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ nìyẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó kọ ọ́ pé "ẹ̀kọ́ ilé ni kò sí, ẹ fún un ní pàṣán" ní ìdáhùn tiwọn lọ́tọ̀. Mi ò ní bú yín, torí bàbá mi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà.

Nínú ilé Yorùbá, ọmọ tí kò kúnlẹ̀, tí kò dọ̀bálẹ̀, tí kò ní "ẹ káàárọ̀ mà", a kì í béèrè bóyá ó lè ṣe é. Àbíìkọ́ ni. Ẹ tú ọ̀rọ̀ yẹn wò: ẹni tí a bí, tí a ò kọ́. Kì í ṣe ọmọ lèébú yẹn bú. Ẹni tó bí i tí kò kọ́ ọ ló bú. Àkọ́ìgbà ló bú ọmọ, pé wọ́n kọ́ ọ, kò gbà. Ẹ kíyè sí èyí tí wọ́n máa ń lò fún ọmọ tó ní autism. Wọn ò ní àkọ́ìgbà. Àbíìkọ́ ni wọ́n máa ń sọ, ojú ìyá sì ni wọ́n máa ń wò tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Ọmọ tó dáa ni ti bàbá, èyí tí kò dáa ni ti ìyá. Gbogbo wa la gbọ́ òwe yẹn dàgbà. Ẹlòmíràn á tún ní kóun tù yín nínú, á ní "ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ". Ó ti pe ọmọ yín ní burúkú, ó ti mẹ́nu ba ẹkùn, ó sì ń retí kẹ́ ẹ dúpẹ́.

Nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tó ń ṣi àwọn ìyá lọ́nà. Nílé ìwòsàn, ìwé kan wà tí wọ́n fi ń yẹ ọmọ wò fún autism láti oṣù 16 sí 30, ìbéèrè 20 ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ń béèrè bóyá ọmọ máa ń wo ojú yín. Aládùúgbò mi kan dé ibẹ̀, nọ́ọ̀sì bi í, ó fi gbogbo ẹnu dáhùn: "Rárá o, ọmọ mi ò kí ń wo àgbà lójú, ó lẹ́kọ̀ọ́." Ṣé ẹ rí i? "Ṣé ò ń wò mí lójú ni?" ìbáwí ni nílé tiwa. Ẹni tó bá fẹ́ bi ìyá Yorùbá ní ìbéèrè yẹn, kó bi í báyìí: tí ẹ bá ń wọ̀ ọ́ láṣọ, tí ẹ bá ń bá a ṣeré, ṣé ó máa ń wá ojú yín? Ìyá á mọ ìdáhùn. Aládùúgbò mi yẹn dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan nígbà tí mo bi í bẹ́ẹ̀.

Kẹ́ ẹ má sì rò pé àwa nìkan là ń gbé ẹ̀bi ka ìyá lórí. Kanner tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, lọ́dún 1949 ó kọ ọ́ pé inú fíríìjì tí yìnyín rẹ̀ kì í yọ́ làwọn òbí fi àwọn ọmọ náà sí. Bruno Bettelheim, tó ń darí ilé ẹ̀kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Chicago, gbé e kiri ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó fi di pé "ìyá fíríìjì" ni wọ́n ń pe àwọn obìnrin, dókítà ló sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Bàbá ọmọ kan tó ní autism, Bernard Rimland, ló kọ̀wé lọ́dún 1964 pé bí wọ́n ṣe bí ọmọ ni, kì í ṣe ìfẹ́ ìyá ló wọ́n. Ó gba àkókò kí wọ́n tó gbọ́. Ẹni tó ń kọ ọ́ níbí pé "àìmọ̀kan àwa aláwọ̀ dúdú ni", ẹ ṣe sùúrù.

* * *

Àǹtí wa ní Peckham ní a ń ṣi ọ̀rọ̀ lò látòkè délẹ̀. Wọ́n ní ní London, "autistic" làwọn tí ọ̀rọ̀ kàn fẹ́ kí wọ́n máa pe àwọn, pé "ẹni tó ní autism" dà bí ìgbà tí wọ́n ní ó ní ikọ́. Ẹlòmíràn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì yarí, ó ní ìdàkejì ni wọ́n kọ́ òun: èèyàn ni kó ṣáájú, kí autism tẹ̀lé e.

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ìjà náà pẹ́. Ìwádìí kan jáde ní Britain lọ́dún 2016, èèyàn 3,470 ni wọ́n bi. Púpọ̀ nínú àwọn àgbàlagbà tó ní autism fara mọ́ "autistic". Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó wọn ló fẹ́ràn "ẹni tó ní autism" jù. Kò sì sí ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wọn fẹnu kò sí.

Ṣùgbọ́n àǹtí, ìjà èdè Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, tí ẹ bá gbé e dé Ìbàdàn, apá rẹ̀ kan á ti já bọ́ lọ́nà. Tiwa, ọ̀rọ̀ ẹyọ kan la fi ń gbé odidi èèyàn: arọ, afọ́jú, adití, abuké. Kò sí ìrù tí a lè so mọ́ autism láti fi ṣe irú rẹ̀. Ẹni tó ní "ọmọ autistic" àti ẹni tó ní "ọmọ tó ní autism", mi ò rí èyí tó bú Àkànní nínú wọn. Lédè tiwa, ibi tí mo ti ń rí ìkà ni ọ̀rọ̀ ìṣe.

Bí àpẹẹrẹ. Ọmọ wà níbi ayẹyẹ, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń hó, jẹnẹrétọ̀ ń dún, èèyàn ń fún un lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó pariwo, ó di etí, ó dojú bolẹ̀. Kí làwọn èèyàn máa sọ? "Kiní ọ̀hún ti gùn ún." Òrìṣà ló ń gun èèyàn. Wèrè ló ń gun èèyàn. Ẹni tí wọ́n bá ní nǹkan gùn, ṣe ni wọ́n máa ń dì í mú, wọ́n á bomi lù ú, wọ́n á pe ẹni tó ń gbàdúrà. Tí ẹ bá yára ní "ariwo ti pọ̀ jù fún un", ẹ óò rí i pé ẹnìkan á dìde lọ dín ohùn rẹ̀ kù. Mo ti dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta ní gbọ̀ngàn ayẹyẹ. Ẹ̀ẹ̀kan ni DJ ò gbọ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára: mi ò ní lò ju ìlà mẹ́ta lórí rẹ̀. Ọmọ 12 ni Andrew Wakefield, dókítà tó so abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́ autism, fi kọ ìwé rẹ̀ lọ́dún 1998. Ìwé ìròyìn àwọn dókítà tó gbé e jáde fagi lé e lọ́dún 2010, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn dókítà Britain. Ìyá tó gbé ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ ò jẹ̀bi nǹkan kan.

Ti ẹni tó ní ẹ̀mí odi ló wà lára ọmọ náà ló ṣòro fún mi láti sọ, torí onígbàgbọ́ ni mí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń fi àdúrà ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú Máàkù orí kẹsàn-án, gbogbo wa la kà á. Nígbà tí Àkànní wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, wọ́n ní kí ìyá wa gbé e lọ sí orí òkè àdúrà kan fún ọjọ́ méje. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin ń pariwo sí i létí látàárọ̀ ṣúlẹ̀: "Ẹ̀mí odi, jáde! Jáde!" Ó jáde lóòótọ́. Kí wọ́n tó gbé e lọ, ó máa ń kọ orin ìpolówó orí rédíò fún wa, ó máa ń ní "omi" tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́. Ìgbà tó sọ̀kalẹ̀, oṣù mẹ́rin ni a ò fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Títí dòní, tó bá rí aṣọ funfun tó gùn, àbẹ́ tábìlì ló máa ń wọ̀. Aṣọ funfun sì ni mò ń rán jù lóṣù Disẹ́ńbà.

Ìyá ìyá wa tó lọ gba hàǹtú fún un lọ́dọ̀ àfáà, tó tún ní ká máa fi agogo bu omi fún un mu kí ohùn rẹ̀ lè là, èyí ò ṣe nǹkan kan fún un. Ó fẹ́ràn agogo yẹn.

* * *

Wọ́n ní ṣé kí a máa lo "aláàbọ̀ ara" ni àbí "àkàndá ẹ̀dá". Èyí tó kẹ́yìn ni tèmi. Aláàbọ̀ ara, ìdajì ara. Ta ló fẹ́ jẹ́ ìdajì? Àkàndá, ẹni tí wọ́n dìídì dá. Ọ̀rọ̀ tó tẹ́ni lọ́rùn ni, àwọn oníròyìn náà sì ti ń lò ó. Àìdáa rẹ̀ kan ni pé ó ti fẹ́ di ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó ń pín ìrẹsì lọ́jọ́ ìbí gómìnà. Síbẹ̀, mo gbà á.

Ìyá ìyá mi máa ń sọ ọ́ pé Ọbàtálá ló mu ẹmu yó nígbà tó ń mọ èèyàn, pé ìdí nìyẹn tí arọ àti abuké àti àfín fi jẹ́ ẹni òòṣà tí a kò gbọ́dọ̀ fi ṣe ẹ̀sín. Ẹ ò rí i pé gbogbo wọn ni ojú lè rí? Ọmọ tó ní autism, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ojú rẹ̀ gún régé. Ojú ò rí nǹkan tí Ọbàtálá fọwọ́ ṣì. Bí ọ̀wọ̀ yẹn ṣe fò ó nìyẹn, tó fi bọ́ sáàárín emèrè àti ọmọ ẹgbẹ́ ọ̀run. Àwọn mìíràn á tún ní bàbá rẹ̀ ló fi ṣe oògùn owó. Bàbá tiwa gun kẹ̀kẹ́ ológeere kan láti 1988 títí tó fi kú. A máa ń bi ara wa pé ibo lowó ọ̀hún wà.

Ẹni tó béèrè bóyá Ìyá Àlàbí lè pe màmá àgbà yẹn lẹ́jọ́: mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ òfin wà. Oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó ka yíyọ àkàndá sọ́tọ̀ léèwọ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá rú u lè san ₦100,000, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, ilé iṣẹ́ á san mílíọ̀nù kan. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní tiẹ̀ látọdún 2011. Ẹ tọ́jú ìyẹn de ilé ìwé tó bá ní "a ò gba irú ọmọ báyìí". Ẹ má mú un lọ síbi ìsọmọlórúkọ.

* * *

Ìyá Àlàbí, mo ti rí èsì yín. Ẹ ní ọkọ yín ka ti léèsì yẹn, kò sọ nǹkan kan, ó kàn lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ nídìí ìdérí mínírà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ má bi í ní nǹkan kan.

Ẹ tún béèrè ohun tí ẹ máa sọ gan-an, torí ìkómọjáde mìíràn ti wà ní Sátidé. Èmi ò ní kí ẹ máa ṣàlàyé autism fún gbogbo ilé, ìrẹsì á tutù. Tí wọ́n bá ní "kí ló ń ṣe é", ẹ ní, "Kò sóhun tó ń ṣe é mà, ara rẹ̀ le. Ó ní autism, kò tíì máa sọ̀rọ̀, àmọ́ ó ń gbọ́ wa." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni kẹ́ ẹ sọ sókè dáadáa. Ẹ óò rí i bí àwọn èèyàn ṣe máa ń wo ọmọ lẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n bá ti mọ̀ pé ó ń gbọ́. Tí wọ́n bá ní "ẹ kú ìrọ́jú", ẹ ní, "A dúpẹ́ mà. Àlàbí rèé, ẹ kí i." Mò ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ti pẹ́. Nísinsìnyí, tí oníbàárà bá wọlé, Àkànní á ti ṣáájú wọn sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn tèmi: "Àkànní rèé, ẹ kí i." Oníbàárà tuntun máa ń wá ẹni tó sọ̀rọ̀.

Tí màmá àgbà yẹn bá tún wá, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, kẹ́ ẹ gbé ọmọ yín lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kì í ṣe gbogbo ìjà lẹ máa jà.

Mo fẹ́ béèrè: ìdérí mínírà tí Àlàbí ń tò, ṣé àwọ̀ ló fi ń tò ó ni àbí bó ṣe tóbi sí? Torí ike òwú tó ti tán kún àpò méjì níbí, gbogbo àwọ̀ ló wà ńbẹ̀, wọn kì í sì í fọ́. Màá fẹ́ fi díẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ Abẹ́òkúta. Àmọ́ Àkànní mọ iye rẹ̀. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bi í ná.